Ẹni Tó Jẹ́ Orúkọ Màámi

Ìwé mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Ilé ìwòsàn ló tẹ̀ wọ́n jáde, ọjọ́ àti aago sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan wọn. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Èmi gan-an ì bá fẹ́ kó jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ bo àṣírí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló kọ sílẹ̀. Ohun tó kọ sílẹ̀ náà ni mo fẹ́ sọ.

Olúyẹ́misí lorúkọ mi. Ọmọ méjì péré ni màámi bí: èmi àkọ́bí, àti Fúnminíyì àbúrò mi, tó jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajah. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń gbé ní Thomas Estate.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, ọkàn màámi dáwọ́ dúró nínú ilé ìdáná. Orí ló bá wọn ṣe é tí dókítà kan ń gbé ní òdìkejì títì. Wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn kan ní apá Lẹ́kkí, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sí wọn láyà, lábẹ́ awọ, nísàlẹ̀ èjìká òsì. Bí ọkàn bá ń lọ bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ náà á kàn máa ṣọ́ ọ. Bí ọkàn bá ya wèrè, ẹ̀rọ á fi iná gbá a kí orí rẹ̀ lè pé. Màámi sọ ẹ̀rọ náà ní Àlejò.

Àlejò gbá wọn lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù Kìíní. Mo wà níbẹ̀ nígbà kejì. Màámi fò kúrò lórí àga, wọ́n sì ké. Mi ò gbọ́ irú igbe yẹn lẹ́nu wọn rí. Obìnrin tó yan ẹja tà ní Eléko fún ọgbọ̀n ọdún nìyí o, tó ń fi ọwọ́ lásán yí ẹja padà lórí iná. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí ẹṣin bá ta èèyàn nípàá láti inú. Látọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti wọ̀ wọ́n lára. Wọn ò sùn mọ́. Gbogbo ìgbà lọwọ́ wọn máa ń wà láyà.

"Yẹ́misí," wọ́n ní, "bó bá tún gbá mi, mi ò ní lè gbà á."

"Òun ló ń gba ẹ̀mí yín là, mà."

"Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀."

Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ. Ní ìjọ wa, bí aláìsàn ò bá lè dúró, ọmọ inú rẹ̀ lè bá a dúró. Ọmọ náà á wọ sùtánà aláìsàn, á wà nínú ilé ìjọsìn fún ọjọ́ méje. Bí wọ́n bá pe orúkọ aláìsàn, òun ni á jẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ keje, wọ́n á bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀, wọ́n á pe orúkọ tirẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá ti jẹ́ ẹ, ó parí. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń ṣe é. Ohun abàmì kankan ò sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń sùn lọ nídìí rẹ̀.

Màámi lọ bá Wòlíì Akínọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà, kí ìrora Àlejò kúrò lára òun. Wòlíì ní kí ọmọ wọn kan wá dúró. Èmi àkọ́bí ló kàn. Mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí èbúté ọkọ̀ òkun yẹn, aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jáde nílé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ní ìsinmi ọlọ́jọ́ mẹ́wàá tí mi ò tíì lò. Mi ò fẹ́ fi sùn lórí ẹní nílé ìjọsìn ni. Ẹ wò ó, mo ti sọ ọ́.

Fúnminíyì ní, "Àǹtí mi, ẹ fi sílẹ̀. A ti gba ìsinmi Àjíǹde. Màá dúró."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ohun tí mo bá sá fún, òun ló máa ń gbé e.

Ọjọ́ keje bọ́ sí ọjọ́ àyẹ̀wò màámi. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ náà wò. Èmi ni mo ṣèlérí pé màá gbé wọn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pèpàdé. Mo pe Fúnminíyì.

"Wá mú màámi lọ. Aago mọ́kànlá ni."

"Àǹtí mi, wọn ò tíì bọ́ aṣọ lára mi. Ó ku nǹkan bíi wákàtí kan."

"Wákàtí kan wo? Bí wọ́n bá pàdánù àyẹ̀wò yìí ńkọ́? Tètè máa bọ̀ jàre. Padà lọ lọ́la kí wọ́n wá parí tiwọn."

Ó ní, "Ó dáa, mà."

Bó ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn, nínú sùtánà màámi, láìwọ bàtà, torí ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ rẹ̀ padà.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀ ló ń yẹ ẹ̀rọ náà wò nílé ìwòsàn. Ọmọlúàbí ni, ẹni jẹ́jẹ́. Á gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan lé màámi láyà, kọ̀ǹpútà á sì máa ka ohun tí ẹ̀rọ ti rí láti oṣù mẹ́ta. Ní ìparí, á mú kí ọkàn wọn sáré díẹ̀ láti fi dán an wò. Ohun tí Fúnminíyì sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà nìyí. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára báyìí o." Màámi ní àwọn ò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Ó mà ń sáré lójú kọ̀ǹpútà níbí o, mà." Màámi ní rárá, ara àwọn balẹ̀.

"Àǹtí mi," Fúnminíyì ní, "ọkàn tèmi ló ń sáré. Bó ṣe dá eré tiwọn dúró, eré tèmi náà dúró."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ebi ló ń pa ọ́. Ọjọ́ méje lo fi gbààwẹ̀."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ó padà sí ilé ìjọsìn. Wọ́n bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀. Wọ́n pe Olúwafúnminíyì lẹ́ẹ̀mẹta. Kò jẹ́ ẹ. Ó sọ fún mi pé òun gbọ́ orúkọ náà ketekete. Ó kàn dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè, pé kò tọ́ kí òun bá onítọ̀hún jẹ́ ẹ. Wòlíì wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọjọ́ kẹjọ kì í ṣe ọjọ́ keje."

Nínú oṣù Karùn-ún, ó ṣubú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó fi ń kọ̀wé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ohun kan gbá òun láti inú wá. Nínú oṣù Kẹfà, ó tún ṣubú, létí omi ẹ̀rọ tó ti ń pọnmi. Dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dára ju ti òun dókítà lọ. Màámi ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Wọ́n ń sùn. Wọ́n ń kọrin nínú ilé ìdáná. Gbogbo ìjọ ló ń sọ pé àdúrà ti gbà.

Ní oṣù Keje, èmi fúnra mi mú màámi lọ fún àyẹ̀wò. Yàrá náà tutù. A ń gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó wo màámi, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Mọ́mì, ó ti gbá yín lẹ́ẹ̀mejì."

"Gbá ta?" ni màámi wí.

"Ẹ̀yin, mà. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀."

"Mi ò mọ nǹkan kan lára."

"Kò sí ẹni tí kì í mọ̀ ọ́n lára, mà."

Mo mú fóònù mi jáde nínú báàgì. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, ọ̀gá ilé-ìwé Fúnminíyì ló pè mí. Mo gbójú sókè, mo rí i pé màámi ń wò mí. Wọn ò wo kọ̀ǹpútà. Wọn ò wo Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀. Èmi ni wọ́n ń wò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀.

Mo lọ bá Wòlíì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Kí màámi wá sí ìsìn àárọ̀ Ọjọ́rú, kí wọ́n pe orúkọ wọn, kí àwọn tìkára wọn jẹ́ ẹ. Ohun tó jẹ́ tiwọn á padà sọ́dọ̀ wọn. Fúnminíyì á bọ́.

Mo délé, mo sọ fún màámi.

"Màá lọ," ni wọ́n wí.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Ọjọ́rú kejì, òjò ń ṣú. Ọjọ́rú kẹta, àlejò fẹ́ wá láti Eléko. Àlejò kankan ò wá. Fúnminíyì ṣáà ń rọra rìn nínú ilé, bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù.

"Màámi," mo ní, "ọmọ yín ni o."

"Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni. Ta ló bí i?"

"Ẹ̀yin lẹ bí i. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi í ṣe asà?"

Wọ́n fi ọwọ́ bo àyà. Wọ́n ní, "Ìwọ ò mọ bó ṣe rí." Wọ́n wá sunkún. Mi ò lè sọ pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ìfẹ́ wà nílẹ̀, ẹ̀rù wá jókòó lé e lórí.

Ọjọ́rú kẹrin, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì mú àwọn méjèèjì lọ. Oòrùn ti yọ. Èèyàn ò ju mẹ́wàá lọ nínú ilé ìjọsìn. Màámi kúnlẹ̀ níwájú, Fúnminíyì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Tùràrí ń rú. Wòlíì gbé agogo kékeré wọn, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì pe orúkọ màámi.

"Àjíkẹ́."

Màámi ò dáhùn.

"Àjíkẹ́."

Mo rí ọ̀fun wọn tó ń lọ sókè sódò. Wọ́n pa ètè dé.

"Àjíkẹ́."

Mo ń gbọ́ ìgbì òkun, bẹ́ẹ̀ òkun jìnnà sí ibẹ̀. Màámi di ojú. Wọ́n pa ẹnu dé pinpin bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lóògùn.

"Mo wà níbí," ni Fúnminíyì wí.

Ohùn rẹ̀ ni. Kò le, kò rọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn tó ti sọ ọ́. Ó yíjú wò mí. Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò mọ ìgbà tí mo jẹ́ ẹ."

Wòlíì gbé agogo sílẹ̀. Màámi la ojú. Mo rí ohun tó wà nínú ojú náà, mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Ara tù wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kẹjọ, Fúnminíyì ń di irun mi nínú pálọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Màámi jókòó sídìí tábìlì níwájú wa, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ó ń sọ fún mi nípa ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó ń kọ orúkọ tíṣà sára ògiri. Ọ̀rọ̀ náà já lẹ́nu rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì fún mi léjìká mọ́ra. Ìka rẹ̀ di irun mi mú.

Ó tú mi sílẹ̀. Ó mí.

"Àǹtí mi," ó ní.

Iná náà tún dé, ó gbé e kúrò lórí àga. Mo yíjú, mo gbá a mú. Ó tún dé, a jọ ṣubú. Mo ń kígbe pe màámi, pé kí wọ́n jẹ́ ẹ, kí wọ́n jẹ́ orúkọ wọn níbi tí wọ́n wà yẹn. Màámi jókòó. Ṣíbí wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Ara rẹ̀ ń fò lọ́wọ́ mi bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi. Ẹ̀ẹ̀kẹfà.

Lẹ́yìn èyí, kò sí nǹkan mọ́. Ìdajì irun mi ló dì. Màámi gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"Mi ò mọ nǹkan kan lára," ni wọ́n wí.

A sin Fúnminíyì sí Eléko, nínú ọgbà bàbá wa. Iyanrìn pọ̀ níbẹ̀. Yísà, bíríkìlà àdúgbò, ló da kọnkéré lé e lórí. Ó ṣe é dáadáa. Mo dúró tì í títí ó fi tẹ́ ẹ.

Ní àyẹ̀wò oṣù Kẹwàá, Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀ ka ìwé fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀mí yín yi o. Ikú ló wá bá yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹfà ló lé e lọ." Màámi bú sẹ́kún. Ó rò pé ayọ̀ ni. Ó ń bá wọn dúpẹ́. Èmi wo ògiri. Mo sọ fún ara mi pé ó kúkú ti parí. Ẹni tó ń gbà á ti lọ. Bí ó bá tún gbá, màámi á gba ohun tó jẹ́ tiwọn.

Nínú oṣù Kọkànlá, Yísà pè mí.

"Àǹtí, kọnkéré yẹn ti là láàárín."

"Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lo lò."

"Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkú. Láàárọ̀ yìí ló là. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ. Nǹkan kan kàn gbá a nísàlẹ̀."

Mo ní iyanrìn ló ń rìn. Ó tún un ṣe. Nínú oṣù Kejìlá, ó tún pè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ó tún ti là, ibì kan náà. Ó ní òun ò fẹ́ tún un ṣe mọ́, kí n wá ẹlòmíràn.

Nígbà tó di oṣù Kìíní, mo mú màámi lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀ gbé nǹkan pẹlẹbẹ lé wọn láyà. Ó ní, "Ó gbá yín lẹ́ẹ̀mejì, mà." Ó pe ọjọ́ méjèèjì. Mi ò ní láti wo fóònù mi. Mo ṣáà wò ó. Ọjọ́ tí Yísà pè mí ni.

"Ẹ mọ̀ ọ́n lára, mà?"

"Rárá," ni màámi wí.

Mo béèrè bóyá èèyàn lè pa ẹ̀rọ náà. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipúpọ̀ ní ó ṣe é pa, ṣùgbọ́n ẹni tó wà láyà rẹ̀ nìkan ló lè ní kí wọ́n pa á. Ó yíjú sí màámi. Màámi ń de bọ́tìnnì aṣọ wọn látìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, wọn ò kánjú.

"Bátìrì rẹ̀ kù tó ọdún mélòó?" ni wọ́n bi í.

"Ó kù tó ọdún mẹ́fà, mà."

"Ọlọ́run ṣeun."

Mo gbé wọn délé. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo pe Wòlíì. Mo béèrè bóyá òkú ṣì lè máa jẹ́ orúkọ. Ohun tí Wòlíì sọ ni pé orúkọ tí wọ́n bá ti fi lé ẹnìkan lọ́wọ́, ẹlòmíràn lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá ṣáà ti jẹ́ ọmọ inú kan náà.

"Ìwọ náà wà níbẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo ní màá ronú sí i.

Mo lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́rú ni. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wòlíì rí mi láti inú, wọ́n gbé agogo. Mo gbọ́ tí wọ́n pe Àjíkẹ́ lẹ́ẹ̀kan, láti ibi tí mo dúró sí. Ọwọ́ mi ti bo ẹnu mi kí n tó mọ̀. Mo gbé bàtà mi, mo sì padà sínú ọkọ̀.

Màámi ń sùn dáadáa. Wọ́n ti tún ń yan ẹja díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ilé. A jọ ń jẹun alẹ́, mi ò lè wo ojú wọn, wọn ò lè wo tèmi, kò sí ẹni nínú wa tó lè bú ẹnì kejì.

Láàárọ̀ yìí, Yísà pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbé e.